Ẹ̀rọ Sakinatou Kò Gbọdọ̀ Dákẹ́

Èmi kò fẹ́ràn Oumarou, n ò sì ní torí pé mò ń sọ̀tàn kí n wá máa díbọ́n. Ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ ìlọgi Sakinatou ni mo ti ń dín iṣu tà ní Tchaourou, níbi tí èèyàn ti lè ju òkúta kó ba ojú irin. Láti ìdí agbada mi ni mo ti rí gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni Modúpẹ́ ń pa, kó lọ bi Oumarou fúnra rẹ̀ wò. Yóò rí bí ojú rẹ̀ ṣe máa pọ́n.

Rachidi, ọkọ Sakinatou, ló ra ẹ̀rọ náà nígbà ayé rẹ̀. Iṣu ló gbìn, iṣu ló tà, tó fi rà á, irú èyí tí wọ́n máa ń fi irin yí níwájú kó tó jí. Ibà wá mú un láàárín òjò, kò pẹ́ lórí ẹní tó fi kú. Ó fi ìyàwó sílẹ̀, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀, ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ yẹn ló sì ń bọ́ gbogbo wọn. Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ Sakinatou, kò ní oko, kò ní ìsọ̀, àfi kó kó àwọn ọmọ padà sí ilé bàbá rẹ̀ ní Alafiarou, kó lọ máa jẹ oúnjẹ àánú. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Oumarou, àbúrò Rachidi, mọ̀ ọ́n jù wá lọ.

Ìyá wọn, arúgbó tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀dọ̀ Sakinatou ló ń gbé. Ìyá Rachidi là ń pè é. Àkọ́bí ló ni orúkọ ìyá. Ọmọ wà o, ọmọ kú o, orúkọ yẹn kì í kúrò lára rẹ̀. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni pè é ní Ìyá Oumarou. Bí ẹ bá pe "Ìyá Rachidi" láàárọ̀, màmá yẹn á dáhùn bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ṣì wà lóko, tó máa bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣàdúà ogójì ọjọ́ fún Rachidi ni Oumarou dìde láàárín àwọn àgbà ilé. Ọdún révolution ni àwọn ọdún yẹn, ìgbà tí ìjọba ní kí gbogbo ìlú ṣiṣẹ́ kára; production, iṣẹ́ àmújáde, ni gbogbo ẹnu ń sọ, Oumarou sì ń sọ ọ́ ju bó ṣe ń sọ bísímílà lọ.

"Ẹ̀rọ moulin yìí kì í ṣe ohun ìṣeré obìnrin," ó ní. "Bó bá dùbúlẹ̀, production dùbúlẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n gbà á."

Sakinatou wà nínú aṣọ opó. Kò gbé orí sókè, ṣùgbọ́n ó sọ̀rọ̀. "Tonton Oumarou, ẹ̀gbọ́n yín ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo ti ń yí ẹ̀rọ náà látìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ àìsàn."

Tonton Chérifou, àgbà pátápátá nínú ẹbí náà, gbọ́ tọ̀tún gbọ́ tòsì. Ó ní ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ kó di ìjà. Kí ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ Sakinatou. Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ọjà kan bá mọ́, tí oòrùn rẹ̀ sì wọ̀, tí ẹ̀rọ náà kò lọ ọkà fún àwọn ará ọjà, tàbí tí oòrùn wọ̀ bá a nínú ìdákẹ́, ó di ti Oumarou. Ẹjọ́ wẹ́rẹ́. Oumarou rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀, mo rí i, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ní ohun tó mọ̀.

Ohun tó mọ̀ ni pé Nàìjíríà ti ti bodè. Òróró ẹ̀rọ, tó jẹ́ pé ìhà ọ̀hún ló ti ń wá, ti ń tán ní gbogbo ìsọ̀. Òróró dúdú tó wà nínú ẹ̀rọ Sakinatou ti gbó, ó ti ń rùn. Oumarou ní tiẹ̀ ní àgbá òróró kan gbáko lábẹ́ búkà rẹ̀, ó fi tapólì bò ó. Ó rà á kí bodè tó tì, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó ní òun máa rà, tí kò rà títí di òní. Sakinatou kúnlẹ̀ fún un, èmi àti ẹ̀ jọ lọ ni.

"Ẹ fún mi díẹ̀, kódà kó jẹ́ garawa kékeré. Ẹ̀rọ ẹ̀gbọ́n yín ni."

"Kí ni ìjọba sọ?" Oumarou ń ta eyín ní tiẹ̀. "Ìjọba ní ká gbára lé agbára ara wa. Gbára lé tìrẹ, camarade."

Mo ní kí n gbá a létí. Sakinatou fà mí ní ìró. Ojú ọ̀nà la wà tó fi sọkún, kì í ṣe ẹkún àánú, ẹkún ìbínú tó máa ń jẹ́ kí èèyàn fẹ́ ju nǹkan.

Bó ṣe di pé ó lọ bá Prof Akíndélé nìyẹn. Ọmọ Savè ni Akíndélé, olùkọ́ ni ní collège, òun ló ti kàwé kemísírì ní ìlú oníyìnyín kan tí kì í sinmi láti máa dárúkọ. Ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ sì le. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ pé òun lè ṣe òróró ẹ̀rọ láti inú làrà, làrà lásán tó ń hù lórí ààtàn, èyí tí a fi ń ṣe ogìrì. Ó ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan, ásíìdì inú bátìrì ló fi ṣe é, ó sì dà á sínú mobilẹ́ẹ̀tì, alùpùpù kékeré, ara rẹ̀. Kò pẹ́ tí mobilẹ́ẹ̀tì náà fi kú, ásíìdì ti jẹ gbogbo inú rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń lọ sílé ìwé látìgbà náà, ìyẹn kò sì dín ẹnu rẹ̀ kù.

"Mo ti mọ ibi tó ti bàjẹ́," ó sọ fún Sakinatou. "Tata, ẹ gbọ́ mi dáadáa, n kò fẹ́ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òróró làrà nìkan, bí iná ẹ̀rọ bá mú un, á di bí oje igi. Àfi kí a fẹ́ ẹ fún ọtí líle, kí àwọn méjèèjì di nǹkan kan. Ṣùgbọ́n wọn kì í dédé fẹ́ ara wọn, wọ́n ń wá alárinà. Ásíìdì jẹ́ alárinà. Ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò padà sílé. Inú yàrá tọkọtaya ló jókòó sí, tó ń jẹ irin. Bí ẹ bá sì ní kí ẹ fi omi ṣàn án kúrò, ibi tí ẹ bá da omi náà sí, koríko kò ní hù níbẹ̀ mọ́."

"Kí lẹ wá fẹ́ lò báyìí?"

"Ìkarahun ìgbín. Èmi á sun ún títí á fi funfun, á sì rún. Líle ni, kì í yọ́ mọ́ inú òróró. Bó bá ti so wọ́n pọ̀ tán, a ó fi aṣọ sẹ́ ẹ kúrò, a ó kó o padà sínú agolo, a ó tún lò ó lọ́la."

Mo ní, "Bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárinà a yẹ̀bá." Ó wò mí bí ẹni pé ewúrẹ́ ló fọhùn. N kò fẹ́ràn òun náà.

Ó tún ní, "Èèwọ̀ kan ló ní. Omi. Omi kò gbọdọ̀ kàn án." Sakinatou àti èmi nìkan la gbọ́. Ìyá Rachidi wà lórí ẹní ìrun lẹ́yìn ilé.

Èmi ni mo pèsè ìkarahun, torí èmi ni mo ń jẹ ìgbín nínú agboolé yẹn. Prof sun ún ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí mo ti ń dín iṣu, èéfín rẹ̀ lé oníbàárà mi lọ, a bú ara wa dáadáa. Ọtí ńkọ́? Sodabi ni, ògógóró tiwa. Ó tún un sè títí omi inú rẹ̀ fi tán, tó jẹ́ pé bí iná bá rí i lókèèrè, á sáré wá bá a. Ó se òróró làrà àti ọtí náà pọ̀, ó da lúúlúú ìkarahun funfun sí i, ó ń rò ó bí ẹni ń ro ọkà. Sakinatou ń wo ọwọ́ rẹ̀ títí tó fi mọ̀ ọ́n ṣe. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ tán, ohun tó jáde pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́, ó ń yọ̀ láàárín ìka. Wọ́n dà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ jí, ó lọ ọkà ọjà yẹn láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ kò gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jó. N kò tijú.

Ta ni inú ń bí bíi Oumarou? Kò pẹ́ tó fi gbọ́ nípa sodabi. Ó wọ agboolé lọ, ó jáde, ó ń sọ fún àwọn obìnrin mùsùlùmí: "Ọtí ni ẹ̀rọ yẹn ń mu. Lúúlúú tí wọ́n ń tún lò, inú ọtí ló ń sùn. Ẹni tó bá gbé ọkà lọ síbẹ̀, kó má gbé e wá sí sàráà ilé wa."

Òróró ẹ̀rọ kì í kan ọkà! Ojú ọ̀tọ̀ ni ẹ̀ńjìnnì wà, ojú ọ̀tọ̀ ni òkúta tó ń lọ ọkà wà, bẹ́líìtì ló so wọ́n pọ̀. Mo pariwo rẹ̀ títí ohùn mi fi há. Ta ló máa gbọ́ ti onísìn mìíràn lórí ọ̀rọ̀ mímọ́ àti àìmọ́? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkà wọn lọ sí ẹ̀rọ tó wà ní Tchatchou. Lọ́jọ́ ọjà, èmi àti àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì díẹ̀ la fi ìwọ̀nba ọkà wa gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ ìdákẹ́. Àwọn ọmọ Sakinatou ti ń rù. Òun fúnra rẹ̀ kì í bá èèyàn sọ̀rọ̀ mọ́ àfi kó gbó mọ́ ọn.

Ọjà mìíràn ló pé. Òróró inú ẹ̀rọ ti ṣiṣẹ́ tó, Sakinatou ti tú u dànù lálẹ́ àná rẹ̀ pé òun máa se tuntun láàárọ̀. Ilẹ̀ mọ́, mo gbé agbada kaná, mo gbójú sókè, kí ni mo rí? Àwọn obìnrin mùsùlùmí ń bọ̀, igbá lórí, bẹ́ẹ̀sìnnì lórí, wọ́n tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé ẹ̀bá ojú irin. Sakinatou wò wọ́n, ó wò mí.

"Modúpẹ́, kí ló dé?"

"Ṣé èmi ni Ọlọ́run ni? Se òróró rẹ."

Sakinatou sáré sídìí iṣẹ́. Ó dá iná, ó da òróró, ó da ọtí, ó ṣí agolo, ó bu lúúlúú sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Kò pẹ́ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ìfófòó funfun bò ó lójú. Ó ń ki. Ó ki bí ẹ̀kọ gbígbóná, ó tún ki jù bẹ́ẹ̀ lọ, igi tó fi ń rò ó dúró láàárín rẹ̀. Wọ́n sáré lọ pe Prof ní collège. Ó dé, ó ti ọwọ́ bọ agolo, ó gbá lúúlúú náà mú, ó fi í sí orí ahọ́n.

"Ta ló da omi sí èyí?" ó pariwo. "Ọṣẹ lẹ sè! Ìdí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ẹrù nìkan lẹ lè fi èyí pa. Bẹ́ ẹ bá dà á sínú ẹ̀rọ, ẹ̀rọ kú nìyẹn."

Àsìkò yẹn gan-an ni Oumarou ń wọlé, òun àti Tonton Chérifou. Wọ́n wá wo ọjà. Sakinatou fi ìkòkò sílẹ̀. Obìnrin tó kúnlẹ̀ fún ọkùnrin yìí lọ́jọ́sí, tí kì í sọ fún un ju "ẹ" lọ, ó fò mọ́ ọn lọ́rùn aṣọ.

"Ìwọ ni! Ìwọ Oumarou! O wọ ilé mi, o da omi sí nǹkan mi!"

"N kò fọwọ́ kan agolo rẹ! Kí Ọlọ́run gbọ́!" Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ayé mi mo rí i pé òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀rù ló bà á.

"Fi í sílẹ̀," ohùn kan sọ lẹ́yìn wa. "Èmi ni."

Ìyá Rachidi ni. Ó dìde lórí àpótí rẹ̀, ó fọwọ́ di ògiri mú.

"Wọ́n ní inú ọtí ni lúúlúú yẹn ń sùn. Mo kó o jáde ní ọ̀sán ìjẹta, mo fi omi kànga ṣàn án lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń ṣe bísímílà sí i. Mo sá a sóòrùn títí ó fi gbẹ. Mo wá ń lọ láti ilé dé ilé, mo sọ fún wọn pé mo ti ṣàn án, pé kí wọ́n máa bọ̀, ọkà wọn kò ní jẹ ọtí." Ó na ọwọ́ sí àwọn obìnrin tó tò sójú ọ̀nà. "Wọ́n sì wá."

Àwọn obìnrin ń mi orí. Bẹ́ẹ̀ ni, ó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú yẹn ló fi rìn ín.

Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú, ilẹ̀ tútù ni yóò tẹ̀. Màmá yẹn da omi síwájú lóòótọ́. Bí ẹnì kan bá ti dá a lóhùn ní pẹ̀lẹ́ nígbà yẹn, bóyá èmi ni ì bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Oumarou rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ ṣeun o," ó sì pàtẹ́wọ́. Ẹ̀rín yẹn ló ba ohun gbogbo jẹ́.

Sakinatou kọjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. "Mo mọ̀ pé bí ẹ ṣe máa ṣe mí nìyí. Ìyá Oumarou lẹ jẹ́! Látìgbà yìí wá, Ìyá Oumarou lẹ jẹ́, ẹ kàn fi orúkọ òkú bojú nínú ilé mi ni. Ẹ kì í ṣe Ìyá Rachidi kankan!"

"Àsìtáfúrúlàyì," obìnrin kan sọ. Igbá orí ẹnì kan já bọ́, ọkà tú ká ilẹ̀, kò sí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ṣà á. Ẹyin lọ̀rọ̀. Màmá náà padà sórí àpótí rẹ̀, ó jókòó.

Tonton Chérifou wúkọ́. "Ẹ̀rọ ti dákẹ́. Ẹjọ́ wà nílẹ̀."

"Oòrùn kò tíì wọ̀," Prof Akíndélé sọ fún un, kò tilẹ̀ fi ọ̀wọ̀ kún un. Ó kọjú sí Sakinatou. "Ẹ dákẹ́ ariwo. Ìkarahun kì í kú. Omi ló wọ inú rẹ̀, iná á sì lé omi jáde. Ẹ jẹ́ ká tún un sun. Ta ló ní èédú?"

Èmi ni mo ní èédú. Mo da iṣu tó wà nínú agbada mi dànù fún àwọn ewúrẹ́, mo kó gbogbo èédú mi sílẹ̀. Àwọn obìnrin tó ti ń gbé igbá wọn padà tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá nítorí Sakinatou ni tàbí nítorí pé wọ́n fẹ́ wòran. A fẹ́ iná yẹn títí ojú wa fi wú. Oumarou fi ẹ̀yìn ti ìgànná, ó ń jẹ obì, ó ń wo òkè. Wọ́n kírun ọ̀sán, wọ́n tún fẹ́ iná. Lúúlúú tutù, ó tún rún bíi ti tẹ́lẹ̀. Sakinatou da òróró, ó da ọtí, ó rò ó, kò ki. A kírun alásàrí, ìyẹn ni pé àwọn kírun, èmi ń ṣọ́ ìkòkò. Nígbà tí wọ́n sẹ́ ẹ, tó sì tòrò, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nínú garawa. Oòrùn ti bọ́ sẹ́yìn igi kajú.

Nínú gbogbo ìgbà yẹn, kò sí ẹni tó bá ìyá arúgbó yẹn sọ̀rọ̀. Mo rí i tó dìde, tó wọ yàrá lọ. Mo rò pé ó lọ sinmi ni.

Sakinatou fi irin yí ẹ̀rọ náà. Ó kọ̀. Ó tún un yí, iṣan ọrùn rẹ̀ le bí okùn. Ẹ̀rọ náà wúkọ́, ó tu èéfín, ó mú, ariwo rẹ̀ sì gba gbogbo ojú ọ̀nà. Àwọn obìnrin hó yèè. Prof fi ẹnu sí etí Sakinatou, ó ń ké, "Ẹ má pa á o! Òróró náà kò tíì káàkiri. Bó bá kú báyìí, mi ò mọ̀ bóyá a máa rí i jí kí oòrùn tó wọ̀!" Sakinatou gba igbá àkọ́kọ́, ó da ọkà sí i. Oumarou kò lọ. Ó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, òun àti Tonton Chérifou, ó ń wo oòrùn, ó ń wo ẹ̀rọ.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Rachidi jáde. Ó di ẹrù kékeré sórí, ó ká ẹní ìrun rẹ̀ sí abẹ́ apá, ó mú búta àlùwàlá rẹ̀ lọ́wọ́. Ó kọjá níwájú mi.

"Ìyá Rachidi, ibo lẹ ń lọ pẹ̀lú ẹrù?"

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́," ó ní. Kò gbé ohùn sókè, ìgbà tí mo sún mọ́ ọn ni mo tó gbọ́. "Ìyá Oumarou ni mí. Ó ti sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Ilé ọmọ mi ni mò ń lọ."

Ilé Oumarou wà ní òdì kejì ojú irin. Ó gba iwájú ọmọ rẹ̀ náà kọjá, kò wò ó, ó ń fi ẹsẹ̀ wíwú yẹn lọ díẹ̀díẹ̀. Mo sáré wọ inú búkà ẹ̀rọ, mo fa Sakinatou lápá, mo nawọ́ sí ojú ọ̀nà. Ó wò. Ìyẹ̀fun ti bo ojú rẹ̀ funfun. Ó la ẹnu, ó pè. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo dúró sí, n kò gbọ́ nǹkan kan, ṣùgbọ́n mo rí bí ètè rẹ̀ ṣe ń pè é: Ìyá Rachidi. Ó tún un pè. Màmá ti ń gun orí òkúta ojú irin, kò wẹ̀yìn.

Sakinatou gbé ọwọ́ lé irin tí wọ́n fi ń pa ẹ̀rọ. Bó bá fà á péré, ohùn rẹ̀ á dé ọ̀hún. Ó wo oòrùn, ó ṣì kù díẹ̀. Ó wo igbá tó tò sílẹ̀. Oumarou lẹ́nu ọ̀nà ti dẹ́kun wíwo oòrùn, ọwọ́ Sakinatou ló ń wò, eyín rẹ̀ ti ń yọ. Inú bí mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi sunkún.

Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí irin náà. Ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé igbá tó kàn, ó da ọkà sí i. Ẹ̀rọ náà kò dákẹ́ títí wọ́n fi pe ìrun mọ̀gàríbì.